Ọ̀bẹ Tí Ó Kán: Ìrìn-Àjò sí France Road ní Sábó Kánò

Bí ẹ bá jẹ́ ará Ìbàdàn, tí ẹnì kan sì sọ fún yín pé òun ń lọ sí Sábó, ohun tí yóò wá sí ọkàn yín ni àdúgbò àwọn ọmọ Haúsá lẹ́bàá Mókọ́lá, níbi tí wọ́n ti ń sun súyà, tí wọ́n sì ti ń ṣẹ́ owó. Ní 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tí ó ti Òkè Ọya wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà ní Kánò, tí ẹ sì gbọ́ orúkọ yìí kan náà, Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n ń sọ, àwa Yorùbá àti àwọn Ìgbò pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn sì ni àlejò tí a ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún. "Ìlú tuntun" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá. Orúkọ kan náà ni, ìlú méjì ni. Ẹni tí ó jẹ́ onílé níhìn-ín ni àlejò lọ́hùn-ún.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Níbi tí àlejò ti ń ta ọjà fún àlejò, ìgbẹ́kẹ̀lé ni olórí ohun tí wọ́n ń tà. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí iye tí a lè fi rà á padà.

Bí ọ̀bẹ náà ṣe kán

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlọrin. Lọ́dọọdún ni a máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oko ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ igi, bí a ṣe ń dáná, bí a ṣe ń fi omi díẹ̀ ṣe àlùwàlá, àti bí a ṣe ń wo òjìji mọ àsìkò ìrun. Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kánò ní ìsinmi tí ó ṣáájú ìpàgọ́ kan, mo rí ọ̀bẹ oko kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní France Road. Ojú rẹ̀ nípọn, ó gùn tó ínṣì márùn-ún, èkù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú, àkọ̀ rẹ̀ sì ṣeé so mọ́ ìgbànú. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù wà lórí ìwé náà, ó sì sọ pé gáráńtì wà lórí ọ̀bẹ náà títí ayé ẹni tí ó bá rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tà á fún mi ní ojúlówó ni. ₦9,500 ni mo san. Owó náà kì í ṣe tèmi. Àwọn òbí ni ó dá a fún ohun èlò ìpàgọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n kàn fi ṣọ́ ọ sí.

Ní ọjọ́ kejì ìpàgọ́, a rí igi kan tí ó le. Dípò kí n rán ọmọ kan lọ mú àáké wá, mo gbé ojú ọ̀bẹ lé igi náà lórí, mo sì ń fi òkúta lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè là á. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí àwo bá fọ́. Ojú ọ̀bẹ fò yọ kúrò lára èkù, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọmọ kan, ó sì gún ilẹ̀. Àlùhàmúdúlílà, kò ba ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àyà mi balẹ̀, mo mú èkù náà, mo sì yọjú wo inú rẹ̀. Irin tí ó wọ inú èkù náà kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, kò sì nípọn ju ìṣó lọ. Rọ́bà lásán ni ó kún ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ nípa títà àti rírà, títí kan ẹ̀tọ́ tí ẹni tí ó ra ọjà ní láti dá ọjà alábùkù padà. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n rántí. Wọ́n ní, "Ùsítáàsì, ẹ dá a padà. Ìwé rẹ̀ sọ pé títí ayé." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹ ó sọ fún wọn pé òkúta ni ẹ fi lù ú, sà?"

Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, pé ìdáhùn náà kò tètè jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀nà Kánò

Lẹ́yìn oṣù méjì ni ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí padà sí Kánò. Mo fi aṣọ wé ọ̀bẹ náà àti èkù rẹ̀, mo kó wọn sí ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá kàn yín, ẹ má ṣe fi í sí àpò aṣọ yín. Bí àwọn agbófinró bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, kí ẹ fúnra yín sọ pé ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹrù. Bí ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ sì fẹ́ wọ̀, inú ẹrù tí ó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ ni kí ẹ kó o sí, nítorí wọn kì í gbà á lọ́wọ́ èrò.

Ọkọ̀ wa gba Àbújá, Kàdúná àti Sáríà kọjá, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó wọ ìlú. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbé mi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ń pè é ní Èkó, ṣùgbọ́n ní Kánò, "a daidaita sahu" ni orúkọ rẹ̀. Inú ètò àtúnṣe ìwà tí ìjọba Gómìnà Ibrahim Shekarau gbé kalẹ̀ láàárín 2003 sí 2011 ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí lèmọ́mù máa ń sọ kí ó tó gbé ìrun dúró, pé kí a to sàfú wa gún régé. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Kánò ní 2013, ọkọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń wọ̀.

Ìlú ti dúró ní Kánò tipẹ́ kí a tó dé. Ìtàn wọn sọ pé alágbẹ̀dẹ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí ẹ̀bá òkè Dala, nítorí òkúta tí a ń yọ irin lára rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn Yorùbá pàápàá ti wà nínú odi ìlú àtijọ́ kí òyìnbó tó gba Kánò ní 1903, ìtàn àdúgbò Ayagi sì so mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ojú irin ni ó kó ogunlọ́gọ̀ wa dé. Ní 1911 ni ó wọ Kánò. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn télọ̀ àti àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé e láti ìhà gúúsù. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi, ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lóde, ó la títì gbọọrọ gbọọrọ sí i tí ọ̀kan ń dábùú èkejì. Ẹ gbọ́ orúkọ díẹ̀ nínú wọn: Yoruba Road, Ibo Road, Abeokuta Road, Enugu Road, Church Road, New Road. Ẹni tí ó bá ń rìn níbẹ̀ lè rò pé gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n sì tẹ́ sí ojú kan.

Ojú ibẹ̀ ti rí ohun tí ó pọ̀. Rògbòdìyàn oṣù karùn-ún 1953 kò yọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti 1966. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2013, bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀ New Road, níbi tí àwọn èrò tí ń lọ sí gúúsù ti ń wọkọ̀, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ní oṣù kẹta 2016, iná jó ọjà Sábọ̀n Gàrí, èyí tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Gómìnà Muhammadu Abubakar Rimi pè, ṣọ́ọ̀bù tí ó lé ní 3,000 sì jóná. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn tún ilé kọ́, wọ́n tún ṣílẹ̀kùn ọjà. Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tí ó lọ.

France Road

Bí ẹ bá dé France Road ní òwúrọ̀, etí yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ti dé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́mọlanke tí ó to kẹ́ẹ̀gì omi lé orí ẹrù wọn ń kígbe kí a yà fún àwọn, oníkẹ̀kẹ́ sì ń fọn fèrè. Láàárín ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ẹ ó gbọ́ Haúsá, Ìgbò, àti Yorùbá tí ó ní ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ nínú. Ẹ ó rí ọmọ Ìgbò tí ń ná ọjà ní èdè Haúsá pẹ̀lú ọmọ Yorùbá, tí kò sì sí ẹni tí ó rò pé ohun ìyanu ni.

Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wá kò yí padà. Àdá, ìṣó, àgádágodo àti tọ́ọ̀ṣì ni ó kún inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tà á fún mi wà níbẹ̀, ó sì rántí mi. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo tú aṣọ, mo sì gbé ojú ọ̀bẹ àti èkù kalẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mú rìsíìtì mi, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó sọ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo mú ìwé gáráńtì, mo fi ìka tọ́ka sí "títí ayé". Ìwé ń bá ìwé jà, ènìyàn méjì sì ń wo ara wọn.

Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn. Alhaja kan ni, ó jókòó lórí àga lẹ́bàá ìlẹ̀kùn inú, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù náà sì ti wà lọ́wọ́ ẹbí wọn láti ìgbà náà. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ náà wá. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo inú èkù, ó sì wò mí.

"Olùkọ́, kí ni ẹ ń fi í ṣe nígbà tí ó kán?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibi tí mò ń bọ̀ rèé. Bí mo bá dáhùn pé igi ni mò ń fi í là, irọ́ kọ́, nítorí igi ni. Òótọ́ tí a gé sí méjì ni, tí a kó ìlàjì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ojú ọmọbìnrin yẹn ni ó wá sí mi lọ́kàn. Mo sọ pé, "Alhaja, òkúta ni mo fi lù ú lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ọ̀rọ̀ ti parí." Alhaja kò rẹ́rìn-ín.

Kí ni gáráńtì?

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra ọjà tí gáráńtì wà lórí rẹ̀ láìmọ ohun tí ó wà nínú ìlérí náà. Ẹ mú ilé iṣẹ́ Victorinox ti ilẹ̀ Switzerland ṣe àpẹẹrẹ. Karl Elsener ni ó dá a sílẹ̀ ní 1884, wọ́n sì ń ṣe ìlérí títí ayé lórí ọ̀bẹ wọn. Ṣùgbọ́n àbùkù ara irin àti àbùkù ọwọ́ ẹni tí ó rọ ọ́ nìkan ni ìlérí náà bò. Kò bo ọ̀bẹ tí ó gbó nítorí lílò, kò sì bo ọ̀bẹ tí a lò ní ìlòkulò. Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ọ̀bẹ tú ìdérí ọ̀dà, tàbí tí ó fi òkúta lù ú, ti jáde kúrò lábẹ́ ìlérí. Ohun kejì ni pé ẹni tí ó ṣe ọjà ni ó ń mú ìlérí yìí ṣẹ, òun fúnra rẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀. Bí ọjà bá jẹ́ ayédèrú, ìlérí inú páálí rẹ̀ kò ní olówó.

Ṣùgbọ́n gáráńtì olùṣe kọ́ ni ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tí ẹni tí ó ra ọjà ní. Òfin títà ọjà tí àwọn òyìnbó ṣe ní 1893, tí ó wọ inú òfin ilẹ̀ wa, ti fi ẹrù ọjà tí ó dára lé olùtajà lórí. Ní òde òní, òfin ìdíje ọjà àti ààbò àwọn oníbàárà ti ọdún 2018 ni ó rọ́pò òfin àjọ ààbò oníbàárà ti 1992, FCCPC sì ni àjọ tí ń rí sí i. Òfin náà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára. Bí ọjà bá ní àbùkù, ó lè béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Àjọ náà sì ti sọ ní gbangba pé àkọlé "a kì í gba ọjà padà" kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Kí ẹni tí rìsíìtì bá ń dẹ́rù bà mọ èyí.

Ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí ni Sharia ti sọ tirẹ̀. Ẹ rántí ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ó ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ó sì kan ibi tí ó tutù nísàlẹ̀. Olóúnjẹ ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kọ ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ. Ẹ rántí hádíìsì Hakim ọmọ Hizam pẹ̀lú: bí olùtà àti olùrà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì fi àbùkù han ara wọn, àlùbáríkà wọ inú òwò wọn. Bí wọ́n bá fi í pamọ́, àlùbáríkà náà á parẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Àwa olùrà fẹ́ràn láti máa kà á sí olùtà létí.

Nínú ìlànà Imam Malik, tí a ń tẹ̀ lé láti Kánò títí dé Ìlọrin àti Èkó, ẹni tí ó bá rí àbùkù tí ó ti wà lára ọjà kí ó tó rà á lè dá a padà. Bí àbùkù mìíràn bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni ìwé Risala ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, ẹni tí ó kú ní 996, fi hàn. Ó lè mú ọjà náà dání, kí ó gba iye tí àbùkù àtijọ́ dín nínú owó rẹ̀. Ó sì lè dá a padà, kí ó san iye tí àbùkù tuntun ti ọwọ́ rẹ̀ dín lára rẹ̀. Mo ti kọ orí ẹ̀kọ́ yìí sójú pátákó ní ọdọọdún fún ọdún mọ́kànlá. N kò tíì dúró láàárín rẹ̀ rí.

Ìdájọ́ Alhaja

Alhaja yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ojúlówó ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, báyìí ni ẹni tí ó kó o wá fún wa ṣe fún mi. Páálí yẹn ni ó wà nínú rẹ̀."

"N kò bi ọ́ nípa páálí."

Ó jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé ayédèrú ni. Ó dìde, ó mú òmíràn kúrò lórí pẹpẹ, ó sì nà án sí mi pé kí n máa mú un lọ kí ọ̀rọ̀ parí. Mo dúpẹ́, n kò sì gbà á. Mo ní bí inú èkù ti àkọ́kọ́ bá rí bí ìṣó, irú rẹ̀ náà ni yóò wà nínú èyí, orúnkún ọmọ mìíràn ni yóò sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pípààrọ̀ búburú fún búburú kì í ṣe àtúnṣe.

Alhaja ní, "Èló ni ò bá tà á, ká ní o ti sọ òótọ́ nípa rẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, Màmá."

"Èló ni o wá gbà lọ́wọ́ olùkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ààbọ̀."

Ó ka ₦5,500 jáde láti inú àpò rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. "Èyí ni tiwa. Ìyókù, òkúta yín ni ó jẹ ẹ́. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

Mo gbà. Ara mi bù mọ́ra, ẹ̀yin òǹkàwé. Alhaja kò ka Risala fún mi, n kò sì mọ̀ bóyá ó kà á rí, ṣùgbọ́n ibi tí ìwé náà dé sí ni òun náà dé sí. Ó ku ọ̀bẹ méje irú rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó ní kí ọmọ òun kó gbogbo wọn sínú àpò, kí ó dá wọn padà fún ẹni tí ó kó wọn wá. Ọmọ náà bi í léèrè pé bí onítọ̀hún bá kọ̀ ńkọ́. Ó dáhùn pé, "A jẹ́ pé àwa náà ti ra ọgbọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ààbọ̀." Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà jọ rìn lọ sí mọ́sálásí. Ojú ń tì í, ojú sì ń ti èmi náà. Sàfú kan náà ni a tò sí.

Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ

Ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ Haúsá kan nínú ìlú àtijọ́. Maƙeri ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Irin sípíríìngì ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni ó máa ń fi rọ ọ̀bẹ àti ọkọ́, òkìtì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀bẹ mi, ó ní irin náà kò burú tó bí mo ṣe rò, pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n gé ṣókí láti fi irin pamọ́.

Ó ti ìdí ọ̀bẹ náà bọ iná, ọmọ rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹwìrì. Nígbà tí ó pọ́n bí ẹyin iná, ó fi ẹ̀mú gbé e jáde, ó sì ń lù ú títí ìdí rẹ̀ fi gùn jáde bí ìrù. Ohun tí ó wọ inú ìrù náà, ara ojú ọ̀bẹ ni ó ti yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi kúrú. Lẹ́yìn náà ó mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì rì í bọ inú òróró. Mo rò pé ó ti parí, ṣùgbọ́n ó tún fi ooru díẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣàlàyé pé irin tí a mú gbóná tí a sì pa lójijì máa ń le, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́ bí àwo. Ooru kejì yìí ni ó ń rọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ó lè fara da iṣẹ́. Igi àyìn ni ó fi ṣe èkù rẹ̀, irin náà sì la èkù já títí dé ìdí. ₦2,000 ni ó gbà.

Mo bi í léèrè nípa gáráńtì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú kan náà ni òun máa ń jókòó sí lójoojúmọ́.

Bí a ṣe parí rẹ̀

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo kó ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn ọmọ. ₦5,500 tí Alhaja dá padà, mo fi ₦4,000 láti inú owó oṣù mi kún un, ₦9,500 àwọn òbí sì pé padà sínú àpò ìpàgọ́. Owó alágbẹ̀dẹ náà, èmi ni mo san án. Àwọn ọmọ kan ní n kì bá tí sọ̀rọ̀ òkúta. Wọ́n ní olùtà ni ó kọ́kọ́ parọ́, nítorí náà kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. A jọ fọ̀rọ̀ náà wérọ̀ fún odindi wákàtí ẹ̀kọ́ kan. Ọmọbìnrin tí ó bi mí léèrè lọ́jọ́ náà kò sọ nǹkan kan. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó yí ìdí èkù rẹ̀ sókè, ó wo ibi tí irin ti yọ, ó sì fi í fún ẹni tí ó jókòó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó lọ yíká kíláàsì.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti máa ń fi òwe yìí bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ní France Road ni mo ti mọ̀ pé ó kan olùkọ́ pẹ̀lú. Bí kò bá sí ìbéèrè ọmọ kan àti ìdájọ́ ìyá kan, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ oko, ẹ wo ìdí èkù rẹ̀. Èyí tí irin rẹ̀ bá la èkù já ni ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó le. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà pé ta ni yóò mú ìlérí inú páálí ṣẹ, àti ibo ni a ti lè rí i. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Àáké ni kí ẹ fi la igi, ẹ má ṣe fi òkúta lu ọ̀bẹ. Bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé gbogbo òótọ́ dání lọ, pàápàá ìlàjì tí ó kan yín.

Ọ̀bẹ kúkúrú náà ṣì wà nínú àpótí ohun èlò ìpàgọ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àáké. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí títà wa àti rírà wa, kí Ó má sì ṣe jẹ́ kí ahọ́n wa gé òótọ́ sí méjì. Àmín.